Ohun tí ojú mi ti rí lọ́dọ̀ àwọn tí báǹkì fẹ́ ta ilé wọn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Adó-Èkìtì. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Èmi ni mò ń tẹ ìwé, tí mò ń gbé fáìlì lọ sí kóòtù, tí mo sì ń jókòó ti àwọn oníbàárà títí ọ̀gá mi á fi dé. Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń gba iwájú mi kọjá, ti onílé tí báǹkì fẹ́ ta ilé rẹ̀ nítorí gbèsè ló máa ń ká mi lára jù. Òfin ní ọ̀nà tó lè gbà ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní àsìkò, àwọn èèyàn wa kì í sì í sábà dé nígbà tí àsìkò ọ̀hún ṣì wà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ á dé láti báǹkì, wọ́n á kà á, wọ́n á kì í bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ìkejì á dé, wọ́n á gbé e lọ bá wòlíì. (N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ó yẹ kí lọ́yà náà fojú kan lẹ́tà yẹn.) Ìyàwó ilé lè máà gbọ́ rárá, torí pé ojú ń ti baálé. Ó di ọjọ́ tí alágbàǹjo bá wá lẹ ìwé mọ́ géètì, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan gàdàgbà-gadagba sára ògiri, tí àwọn ará àdúgbò ń rọ́ wá wò ó, kí wọ́n tó sáré dé ọ́fíìsì wa: "Lọ́yà ńkọ́? Ẹ bá wa gba ìwé kóòtù tí a ó fi dá wọn dúró!"

Ìwé kóòtù yẹn ò rọrùn gbà tó bí wọ́n ṣe rò. Lọ́dún 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dá ẹjọ́ kan láàárín Nigerian Housing Development Society àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Mumuni, àwọn lọ́yà báǹkì ò sì tíì yéé dárúkọ ẹjọ́ náà títí dòní. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá títa ilé dúró ní láti kó owó tí wọ́n ní ó jẹ wá sí kóòtù, kódà bó bá ń jiyàn pé gbèsè náà kò tó iye tí wọ́n pè é. Ẹ wò ó ná: ẹni tó bá rí odidi owó yẹn kó sílẹ̀, kí ló tún fẹ́ wá ṣe ní kóòtù? Àfi bí a bá rí i fi hàn pé báǹkì ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ àtita ilé náà rárá, tàbí pé jìbìtì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Torí náà, iṣẹ́ gidi tí lọ́yà lè ṣe fún onílé wà láàárín ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé àti ọjọ́ tí alágbàǹjo máa dé. Òfin tí a ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Èkìtì ti dàgbà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló ṣe é ní 1959. Ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún rẹ̀, àwa náà sì gbé e dání nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Oǹdó ní 1996. Ohun tó sọ ni pé bó bá jẹ́ ìwé àdéhùn tí àwọn lọ́yà ń pè ní deed ni èèyàn fi gbé ilé rẹ̀ kalẹ̀, báǹkì lè ta ilé náà láì gba kóòtù lọ. Ṣùgbọ́n kó tó tà á, ó gbọ́dọ̀ ti fún onígbèsè ní ìwé pé kó wá sanwó, kí oṣù 3 sì ti kọjá láìsan án. Tàbí kí èlé ti wà nílẹ̀ fún oṣù 2 láìsan. Tàbí kí onígbèsè ti yẹ àdéhùn mìíràn tó wà nínú ìwé náà. Tẹrú-tọmọ ló gbà pé adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ kí báǹkì tó lè fọwọ́ kan ilé ẹni. Rárá o. Ìgbàgbọ́ yẹn ló ń mú kí wọ́n jókòó sílé máa retí ìwé ìpẹ̀jọ́ tí kò ní í dé láé.

Àwọn báǹkì náà kò sì sùn. Òfin yẹn fún wọn láyè kí àdéhùn yí iye oṣù wọ̀nyẹn padà, nítorí náà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tì síwájú èèyàn pé kó bu ọwọ́ lù sábà máa ń gé e kúrú, tàbí kó tilẹ̀ fagi lé e. Ìdí nìyí tí ọ̀gá mi kì í fi í kọ́kọ́ béèrè pé èló lẹ jẹ. Ohun tó máa ń béèrè ni, "Ìwé tí ẹ bu ọwọ́ lù dà?" Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí àwọn tí kò ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa ṣe fún irú wọn ni kó kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fi ẹ̀dà àdéhùn, lẹ́tà tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó náà, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé nígbà tí ìwé dé, a rí i pé kò sí deed kankan: ìwé ilẹ̀ lásán ni onílé kó sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn yàtọ̀ gédégbé. Báǹkì tó jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè dédé ta ilé, ó ní láti wá àṣẹ lọ sí kóòtù. Ọkùnrin kan láti Ìjerò rí ààyè mí nítorí èyí nìkan. Kó tó di pé wọ́n dé iwájú adájọ́, ó ti ta ilẹ̀ mìíràn tó ní, ó sì ti san ohun tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà.

Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ wa ní àsìkò, ó sì yẹ kí n sọ tirẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìlawẹ. Ó ti rò pé owó àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì òun ni òun máa fi pa gbèsè náà tán, ẹni tó bá sì mọ bí owó yẹn ṣe ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní Èkìtì á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Lẹ́tà báǹkì ní ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo iye tó kọ́kọ́ yá. Ọ̀rá dúdú kan ni Bàbá gbé dání. Nígbà tó tú u, tẹ́là ló kún inú rẹ̀, gbogbo tẹ́là tó ti fi san owó láti ọjọ́ tó ti yá a, ó so ti ọdún kọ̀ọ̀kan pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Yíǹkì ara àwọn kan ti ń pa rẹ́.

Mo to wọ́n sórí tábìlì ní oṣù dé oṣù. Fáànù ń gbé wọn, mo fi kọ́ọ̀pù àti sítépílà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó sì ń pe oṣù lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, èmi ń wá a nínú ìwé báǹkì, mo ń dáhùn pé ó wà. A dé ibì kan, n kò dáhùn.

"Oṣù yìí ò sí níbí, Bàbá."

"Mo san án. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ la jọ lọ lọ́jọ́ náà, òjò ká wa mọ́ ibẹ̀. Wò ó dáadáa."

Kò sí níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kò sí. Nígbà tí a tún wo ìsàlẹ̀, a rí i pé wọ́n ti bu owó ìtanràn lé oṣù tí kò sí wọ̀nyẹn, èlé sì ti ń gun orí ìtanràn bọ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀gá mi kọ lẹ́tà, a so fọ́tókọ́pì gbogbo tẹ́là náà mọ́ ọn, mo sì gbé e lọ fúnra mi kí wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa pé àwọn gbà á. Wọ́n dákẹ́. Ohun tí CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, là sílẹ̀ ni pé kí oníbàárà kọ́kọ́ fẹjọ́ sun báǹkì rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, kó gbé e wá sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. CBN sì ní ọ́fíìsì níbí ní Adó. Bí a ṣe gbé e débẹ̀, báǹkì tí ò dáhùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Wọn ò pa gbèsè Bàbá rẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ó ṣì jẹ owó. Ṣùgbọ́n iye náà wálẹ̀ gan-an, wọ́n sì tún un pín sí iye tí owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù rẹ̀ lè gbé. Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan kóòtù nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti ìyá kan láti Ìkẹ́rẹ́ ló le jù, torí òun ò tilẹ̀ yá owó kankan. Ọmọ rẹ̀ ló yá a. Ìyá náà ń ta ẹ̀wà lọ́jà, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà. Nígbà tó jókòó síwájú ọ̀gá mi, ọ̀gá fi ìwé náà hàn án, ó ní, "Màmá, ta ló ka ìwé yìí sí yín létí?"

"Kò sẹ́ni tó kà á. Ọmọ mi ló ní kí n wá tẹ̀ka, mo bá tẹ̀ka. Ṣé mo wá máa bi ọmọ tí mo bí ní ohun tó wà níbẹ̀ ni?"

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé wọ́n lè ta ilé yín?"

"Lọ́yà, dídúró ni wọ́n ní kí n wá dúró fún un. Mo sì dúró fún un. Èmi ò gbé ilé kalẹ̀ fẹ́nikẹ́ni."

Òfin kan wà tó ń gbèjà ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá kọ ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ìka Màmá wà nínú ìwé tiwọn, ó dúdú kirimú. Orúkọ ẹni tó kà á fún un kò sí níbì kankan. Ọ̀gá kọ èyí sí lọ́yà báǹkì, ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ọba tẹ́lẹ̀ sì rọlẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn rẹ̀ ni àdéhùn tuntun: ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń san án, wọ́n sì yọ ilé ìyá rẹ̀ kúrò nídìí gbèsè. Ọmọ náà bínú sí wa. Ìyẹn kò kàn mí.

Kí tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba má rò pé òun náà lè sá sábẹ́ òfin yẹn o. Ẹni tó mọ̀wé, tó bu ọwọ́ lu ohun tí kò kà, adájọ́ ò ní ohun tó fẹ́ ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé dé látibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu. Wọ́n á ní, "Gómìnà ò fọwọ́ sí i, torí náà àdéhùn náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Òótọ́ ni pé òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí èèyàn tó fi ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba dógò, òótọ́ sì ni pé ní 1989 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ àdéhùn báǹkì kan di asán nítorí èyí, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Nígbà náà, àwọn onígbèsè jó. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ti rí i pé àwọn kan ń fi í ṣe ọgbọ́n àrékérekè: wọ́n á gba owó, wọ́n á na án, wọ́n á wá ní àwọn gan-an ò gbàṣẹ. Nígbà tó fi máa di 1996, ilé ẹjọ́ kan náà ti ń sọ fún irú wọn pé ẹni tó yẹ kó gba àṣẹ tí kò gbà á kò lè wá jèrè ẹ̀bi ara rẹ̀. Ó ṣì yẹ kí lọ́yà yẹ ìwé àṣẹ náà wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gbogbo ọkàn lé e, ọwọ́ òfo ló máa bá délé.

Ti ilé ẹbí ni kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Bí ọmọ kan bá lọ fi ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo wọn yáwó, láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i, àwọn yòókù ní ẹnu ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tètè lo ẹnu náà. Kí wọ́n kọ̀wé sí báǹkì ní kété tí wọ́n bá gbọ́. Ìpàdé ẹbí tí wọ́n ń sún síwájú di ọjọ́ àìkú tó ń bọ̀, di ìgbà ọdún, di ìgbà tí bùrọ̀dá tó wà l'Ékòó bá dé, mo ti rí i tó sọ ilé di ti ẹlòmíràn.

Mo rò pé ohun tó ń mú àwọn èèyàn wa fọkàn balẹ̀ jù ni bí a ṣe ń fi oko dógò níbí. Bí bàbá bá gbé oko kòkó rẹ̀ fún ẹnì kan nítorí owó, ẹni náà á máa ká kòkó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti bàbá. Bí ọgbọ̀n ọdún bá kọjá, àwọn ọmọ lè kó owó náà wá kí wọ́n sì gba oko wọn padà. Nínú àṣà, kò sí ọjọ́ tó ń pa ẹ̀tọ́ yẹn. Òfin òyìnbó náà gbà kí onígbèsè ra ilé rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ̀tọ́ yẹn parí lọ́jọ́ tí báǹkì bá ti bá olùrà ṣe àdéhùn títà tó yanjú. Àwọn àgbàlagbà kan ti jókòó síwájú mi, tí wọ́n ń sọ pé ìgbàkígbà tí owó bá dé àwọn á lọ gba ilé àwọn, nígbà tí ẹni tó rà á ti ń kun ún.

Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé a kì í mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Àfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀. Ẹ má sì kó owó pamọ́ sí báǹkì mìíràn kí ẹ rò pé wọn ò ní rí i. Láti 2020 ni CBN ti là á sílẹ̀ pé báǹkì tí èèyàn jẹ lówó lè fa owó yọ nínú àkáǹtì yòówù tó bá ní BVN ẹni náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni tálákà ti máa rí lọ́yà. Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 ní ọ́fíìsì ní Adó. Òfin wọn ti 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni àwọn wà fún, ìyẹn ₦70,000 láti 2024, wọ́n sì lè ro ti ẹni tó lé e bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe pàtàkì. Ẹjọ́ ọ̀daràn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ẹ má retí pé wọ́n á gba ẹjọ́ báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ìmọ̀ràn gbà. Àwọn obìnrin lè wá àwọn FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Ẹgbẹ́ lọ́yà NBA ti Adó náà ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá sì jẹ́ lọ́yà tí ẹ máa sanwó fún ni, ẹ dúnàádúrà owó kíka ìwé àti kíkọ lẹ́tà lọ́tọ̀, kí ẹ tó dé orí owó ẹjọ́. Ọ̀gá mi lè má fẹ́ kí n sọ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ilé yìí ni lẹ́tà tó dáa máa ń parí. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n ń sọ pé àwọn mọ adájọ́, ẹ sá fún wọn.

Nígbà mìíràn, gbèsè náà ju ẹni tó jẹ ẹ́ lọ, ilé á sì lọ. Níbi tó bá dé yìí, ohun tí ọ̀gá máa ń bá báǹkì jà fún ni kí wọ́n fún onílé láyè kó wá olùrà fúnra rẹ̀. Owó tí èèyàn máa rí lórí ilé tó fara balẹ̀ tà kì í dọ́gba pẹ̀lú ti gbàǹjo. Kóòtù kì í sì í yí títà padà kìkì nítorí pé owó rẹ̀ kéré, àfi bó bá kéré débi tí jìbìtì fi hàn gbangba níbẹ̀, tàbí bí báǹkì bá lọ ta ilé náà fún ara rẹ̀.

Bí báǹkì bá sì ti tà á, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bí wọ́n bá ti mú gbèsè àti ìnáwó títà kúrò, ti onílé ni owó tó bá ṣẹ́ kù, wọn ò gbọ́dọ̀ mú un dání. Obìnrin kan láti Ìkọ̀lé ti sunkún tán lórí ilé rẹ̀, ó ti lọ háyà yàrá, kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣì kù fún òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á wá. A kọ̀wé pé kí wọ́n fi ìṣirò títà náà hàn wá: èló ni wọ́n tà á, èló ni alágbàǹjo gbà, èló ni gbèsè lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi falẹ̀ títí, a sì ń kọ̀wé títí. Owó tí wọ́n san fún un nígbẹ̀yìn tó láti ra ilẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé ilẹ̀ náà, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì ní kí n kọ síbẹ̀.